Họ́mòònù Àdánidá Náà A Máa Mú Ẹ̀jẹ̀ Dì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ló gbà pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí nìkan ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, àti pé họ́mòònù tí Ọlọ́run dá mọ́ obìnrin kò lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni oògùn tó ní ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mòònù obìnrin kan, ń fi kún ewu yìí, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹ́sítírójìn bá pọ̀ lára, yálà inú oògùn ló ti wá tàbí inú ara obìnrin fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á ṣe púpọ̀ sí i nínú wọn. Kò sí ìgbà tí ẹ́sítírójìn àdánidá ń pọ̀ tó ìgbà oyún. Ara ń múra de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó ń dáàbò bo ìyá lọ́jọ́ náà ló tún lè mú ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀, pàápàá nígbà tí ilé-ọmọ bá ti tóbi, tó ń tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gòkè láti ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni ewu náà ga jù.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, ìgbìmọ̀ ààbò oògùn ní Britain kìlọ̀ pé ewu tó wà nínú àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan tó jẹ́ tuntun tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́. Nínú 100,000 obìnrin lọ́dún kan, wọ́n ṣírò pé ẹ̀jẹ̀ ń dì fún nǹkan bí 15 lára àwọn tó ń lo oògùn àtijọ́, nǹkan bí 30 lára àwọn tó ń lo tuntun, ṣùgbọ́n 60 lára àwọn aláboyún. Ìlọ́po méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ gbọ́. Àwọn obìnrin pa oògùn tì láìfi ọ̀nà mìíràn rọ́pò rẹ̀, iye oyún tí wọn kò retí àti iye ìṣẹ́yún sì lọ sókè lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń dùn mí títí dòní pé wọ́n sá fún ewu kékeré bọ́ sínú èyí tó jù ú lọ.

N kò sọ pé oògùn yìí bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fún rí, tàbí tó ṣẹlẹ̀ sí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníṣègùn, nítorí àwọn ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní ẹ́sítírójìn wà. Ṣùgbọ́n aláboyún tàbí ìyá ìkókó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo wú, tó ń dùn ún, tó sì gbóná, tàbí tí èémí rẹ̀ dédé ń ká, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà fún un.