Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ìbò Brexit

Ìbò Brexit ni ìbò tí Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, tí ará Èkó ń pè ní Ìlú Ọba, dì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016 láti mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè náà yóò dúró nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tàbí yóò jáde. Ènìyàn 17,410,742 ní kí wọ́n jáde, ènìyàn 16,141,241 sì ní kí wọ́n dúró. Èyí já sí ìdá 51.9 àti ìdá 48.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni pàtàkì kan tí ó bá iye ìbò náà jà. Ohun tí ó di awuyewuye fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ohun tí àwọn tí ó borí ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń dìbò.

Ìwé ìbò náà kò ṣòro láti kà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀, àpótí kékeré méjì sì wà lábẹ́ ìbéèrè náà, ọ̀kan fún dúró, èkejì fún jáde. Olùdìbò yóò wọ inú àgọ́, yóò mú pẹ́ńsù, yóò sì fi í fa àmì sínú ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ka rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Èbúté Mẹ́ta mọ̀ pé tàdáwà orí àtàǹpàkò kì í sọ ìdí tí a fi tẹ ibi tí a tẹ̀. Àmì pẹ́ńsù náà kò sọ ọ́. Dúró jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà jáde pọ̀. Norway kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà, síbẹ̀ ó wà nínú ọjà àjọná rẹ̀, níbi tí ẹrù àti òṣìṣẹ́ ti ń kọjá ẹnubodè láìsí ìdíwọ́. Tọ́kì ní àdéhùn owó ẹnubodè pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn kàn ń bá a ṣòwò lásán ni. Èyíkéyìí nínú wọn ni a lè pè ní jáde, ìwé ìbò kò sì yan ọ̀kan.

Ìwádìí tí Lord Ashcroft, olówó ará Ìlú Ọba tí ó máa ń ṣe ìwádìí èrò àwọn olùdìbò, ṣe láàárín ènìyàn 12,369 tí wọ́n dìbò fi hàn pé 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó yan jáde sọ pé ohun tí ó ká àwọn lára jù ni pé kí ìpinnu lórí orílẹ̀-èdè àwọn máa wá láti ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn, nígbà tí 33 mẹ́nu ba àkóso ẹnubodè àti àwọn àjèjì tí ń wọlé wá gbé. Theresa May, tí ó di olóòtú ìjọba ní oṣù Keje ọdún 2016, tẹnu mọ́ ọn pé Brexit ni Brexit. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, ó kéde pé orílẹ̀-èdè náà yóò kúrò nínú ọjà àjọná pẹ̀lú. Àwọn alátakò rẹ̀ fèsì pé kò sí ẹni tí ó bi olùdìbò ní ìyẹn. Ní oṣù kan náà, ní ọjọ́ 24, adájọ́ mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé ìjọba kò lè fi ìwé ìkúrò ránṣẹ́ láìjẹ́ pé àwọn aṣòfin ṣe òfin lé e lórí, nítorí òfin ọdún 2015 tí ó gbé ìbò náà kalẹ̀ kò sọ ohun tí yóò tẹ̀ lé èsì rẹ̀. Lójú òǹkọ̀wé yìí, ibẹ̀ gan-an ni orísun wàhálà náà: wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọn yóò fi ìdáhùn ṣe.

Ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbangba jù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, àwọn aṣòfin kọ àdéhùn ìkúrò tí May bá àjọ náà ṣe pẹ̀lú ìbò 432 sí 202. Lára àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ni àwọn tí ó sọ pé kò jáde tó àti àwọn tí ó sọ pé ó jáde jù, gbogbo wọn sì ń fi ẹnu ará ìlú sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, wọ́n gbé ọ̀nà mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síwájú ilé. Ilé kò fọwọ́ sí ọ̀kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ìbò mẹ́ta péré ni àbá àdéhùn owó ẹnubodè fi pàdánù, 273 sí 276.

Èkó ti rí ohun tí ó jọ èyí láìdì irú ìbò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1951 fi Èkó sábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn kan ń ké pé gẹ̀dẹ̀gbẹ́ l'Èkó wà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní Yorùbá ni Èkó, ọ̀dọ̀ Yorùbá ni kí ó wà. Apá méjèèjì ní ohun tí ará Èkó fẹ́ ni àwọn ń sọ. Àpérò tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1953 ni ó yọrí sí yíyọ Èkó kúrò nínú Ẹkùn náà ní ọdún 1954. Kò sí àpótí ìbò kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Ọmọ Èkó ní ìpín nínú ìbò Brexit fúnra rẹ̀. Òfin gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan pẹ̀lú àṣẹ láyè láti dìbò. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lè fa àmì sínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ará Póláńdì tàbí ará Ítálì tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùpolongo jáde sì ń sọ fún irú olùdìbò bẹ́ẹ̀ pé àyè tí ará Yúróòpù ń gbà wọlé láìsí físà kò bá ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì dọ́gba, àti pé bí orílẹ̀-èdè náà bá jáde, ìlànà kan náà ni yóò wà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó gba èyí gbọ́ lè yan jáde nítorí àbúrò rẹ̀ ní Mushin tí ó ń wá físà, kí ẹni tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà sì yan jáde nítorí kí àjèjì dín kù. Inú ìdá 51.9 kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Lọ́ńdọ̀nù lápapọ̀ ní kí wọ́n dúró, pẹ̀lú ìdá 59.9 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi Skọ́tláǹdì tí ó ní ìdá 62.

Orílẹ̀-èdè náà jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, lẹ́yìn tí Boris Johnson, tí ó rọ́pò May, jáwé olúborí nínú ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2019. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ará Yúróòpù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ àti ọmọ Nàìjíríà ti wà lábẹ́ ìlànà físà onímáàkì kan náà, níbi tí ẹni tí ó ń wá físà iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ ní iye máàkì kan kí ó tó rí i gbà. Iye ọmọ Nàìjíríà tí ó gba físà ẹ̀kọ́ àti ti iṣẹ́ ìtọ́jú pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Àwọn kan tí wọ́n yan jáde ní ohun tí àwọn fẹ́ nìyẹn, àwọn mìíràn ní òdìkejì ohun tí àwọn dìbò fún ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba fòfin de ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti àjèjì pé wọn kò gbọdọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́, àyàfi àwọn tí ó wá fún ẹ̀kọ́ ìwádìí.