Kí Ló Dé Tí Oríkì Àtijọ́ Kò Fi Yé Wa Mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo sì ń sọ láti kékeré. Àmọ́ bí mo bá ka oríkì orílẹ̀ tàbí ẹsẹ Ifá, ńṣe ló ń dà bí èdè àjòjì. Wọ́n ní ó dùn, èmi ò rí adùn rẹ̀. Ṣé òpè ni mí ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi. O gbọ́ Yorùbá. Àwọn tí ewì náà ń dárúkọ ni o kò mọ̀. Bí àlejò bá dé ọjà Olúwo, ẹja lásán ló máa rí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ á rí epìyà, á rí àrọ̀, á rí ọ̀bọ̀kún.

Ọ̀bọ̀kún yìí rán mi létí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ka oríkì Ìjẹ̀ṣà fún mi nínú ìwé àtijọ́ tí kò ní àmì ohùn. Ó dé ibi “ọmọ Obokun”, ó dákẹ́, ó ní: “Ṣé ọmọ ẹja ni wọ́n ni?” Inú mi dùn gan-an, torí ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti ń gbọ́ ewì. Obòkun ni ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó bu òkun. Ìtàn Ìjẹ̀ṣà ní nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni wọ́n ní kí wọ́n fi wò ó, Ajíbógun ọmọ rẹ̀, baba ńlá àwọn ọba Ìjẹ̀ṣà, ló sì lọ bù ú wá. Láti Ilé-Ifẹ̀! Ìwọ tí o ń gbé etí ọ̀sà, ro ìrìn yẹn wò, kò sí mọ́tò, kò sí títì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ká sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá pe ọba Ìjẹ̀ṣà ní “Ọwá Obòkun”, orí tìrẹ náà á wú.

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pàápàá ń tàn mí jẹ.

Ìdáhùn: Torí ìtumọ̀ wọn ti yí. “Ìjàkadì lorò Ọ̀fà”: kì í ṣe Orò tí obìnrin kì í wò ni wọ́n ń sọ, bí kò ṣe ohun tí ìlú ti ń ṣe láti ìwáṣẹ̀. Ọ̀kẹ́ lónìí, àpò ni. Nínú Ifá, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ. Ẹgbàafà jẹ́ ẹgbàá mẹ́fà, ìyẹn 12,000. Ẹni tí wọ́n ní kó rú ọ̀kẹ́ kan, ẹrù gidi ló máa gbé délé awo.

Ti “aiye”, “enia” àti “yio” tí o máa rí nínú ìwé àtijọ́ kò le rárá. Àkọtọ́ tó ṣáájú ti 1974 ni. Kà wọ́n sí ayé, ènìyàn, yóò.

Ìbéèrè: Ṣé kí n gbé ìwé atúmọ̀ èdè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ kà á sókè. Etí ni wọ́n ṣe é fún. Ojú nìkan kò lè ya igba, igbá, ìgbà àti igbà ọ̀pẹ sọ́tọ̀ nínú ìwé tí kò lámì. Ní ti ẹsẹ Ifá, má bá àwọn orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ jìjàkadì. Orúkọ awo ni wọ́n. Fò wọ́n dé “a dífá fún”. Ibẹ̀ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń wọlé, lẹ́yìn náà ìṣòro rẹ̀, ẹbọ, àti bó ṣe yọrí sí. Tí o bá ti mọ ìtàn náà tán, padà sí òkè.

Ìbéèrè: Ta ni kí n wá bi ní Ẹ̀pẹ́ níbí?

Ìdáhùn: Ìyá àgbà ilé yín. Bí ẹ bá jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó ti Èkó wá, ẹ̀ ń ṣe ọdún Kayọ́kayọ̀, ẹ sì mọ Kòsọ́kọ́, ọba tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1851 tó wá tẹ̀dó síbí. Orúkọ yẹn gan-an ewì ni, orúkọ àbíkú: kò sí ọkọ́ mọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ. Lọ kúnlẹ̀ kí ìyá láàárọ̀, ní kí wọ́n kì ọ́. Fi fóònù gbà á sílẹ̀, má sì béèrè ohunkóhun títí wọ́n á fi parí, torí tí o bá dá wọn dúró láàárín, wọ́n lè má rántí ibi tí wọ́n dé.