Sínkì, Mẹ́tàlì Tó Ń Fò Lọ Mọ́ Èéfín

Àwọn asúdẹ ti ń lo sínkì kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fojú rí i. Wọ́n á po bàbà mọ́ èédú àti òkúta tí sínkì wà nínú rẹ̀, wọ́n á dé ìkòkò pa, wọ́n á koná mọ́ ọn. Idẹ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Oru sínkì ti wọ inú bàbà lọ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí èédú tó lè gba sínkì lára òkúta rẹ̀, ooru gbọ́dọ̀ sún mọ́ 1,000°C, bẹ́ẹ̀ 907°C ni sínkì ti ń hó. Kò ní yọ́ sísàlẹ̀ ìléru bí òjé. Ńṣe ló ń di oru fò lọ, gbàrà tó bá sì kan afẹ́fẹ́ ló ń jó di eruku funfun.

Àwọn ará Zawar ní Rajasthan, ní Íńdíà, ti rí ọ̀nà àbáyọ láti ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, mi ò sì tíì rí ọgbọ́n tó wù mí tó tiwọn. Wọ́n á di òkúta lílọ̀ sínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn tóóró, wọ́n á ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, 36 nínú ìléru kan. Iná wà lókè, ẹnu ìkòkò wà nísàlẹ̀ níbi tó tutù. Igi yẹn ló ń gbá ohun inú rẹ̀ mú kó má dà. Bó bá jóná tán, ihò tó fi sílẹ̀ ni oru ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tó ń tutù, tó ń kán tó, tó, tó.

Ní 1738, William Champion gba ìwé àṣẹ ní Bristol, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ọ̀nà tí oru ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Dony ní Liège, ní ilẹ̀ Belgium, tẹ́ ìkòkò tirẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Èédú tí iṣẹ́ náà ń jẹ kọjá sísọ, ọwọ́ sì ni òṣìṣẹ́ fi ń kó ẹrù wọ inú ìkòkò, tó fi ń kó o jáde, níwájú iná.

Iná mànàmáná ló gbà wọ́n. Òkúta sínkì tó pọ̀ jù láyé ní imí-ọjọ́ nínú, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú iná. Èéfín rẹ̀, tó máa ń pa igi nígbà kan, ni wọ́n wá ń sọ di ásíìdì. Inú irú ásíìdì yìí ni wọ́n ń rẹ òkúta yíyan náà sí. Wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú omi rẹ̀ kọjá, sínkì á lẹ̀ mọ́ pátákó alumíníọ̀mù, wọ́n á bó o bí èèpo. Kò sí ooru tí yóò mú un fò mọ́. Láti nǹkan bí 1916 ni wọ́n ti ń ṣe é tà ní Anaconda, Montana, ní Amẹ́ríkà, àti ní Trail, Kánádà.

Àmọ́ omi náà gbọ́dọ̀ mọ́ gan-an. Bí kóbálítì, mẹ́tàlì mìíràn, bá kù bíńtín nínú rẹ̀, sínkì tó ti lẹ̀ á tún yọ́ padà. Lẹ́búlẹ́bú sínkì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i láti fi lé e jáde.

Irin inú òkúta náà ló le jù. Nígbà yíyan, ó ń so mọ́ sínkì. Ásíìdì tó gbóná, tó sì lágbára, ló lè tú wọn, irin náà á sì yọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, wọ́n rí ọ̀nà tí irin náà fi ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí erùpẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, jarosite, sínkì tí wọ́n ń rí sì pọ̀ sí i. Erùpẹ̀ yẹn, tòun ti òjé àti kádímíọ̀mù, mẹ́tàlì olóró, tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń kó sínú kòtò ńlá tí wọ́n ní láti máa ṣọ́.