Orúkọ Tó Wà Nídìí Ìkòkò Gíláàsì, àti Bó Ṣe Débẹ̀

Tí ìkòkò òdòdó kékeré onígíláàsì aláwọ̀ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí o fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, dojú rẹ̀ dé, kí o wo ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ wo àwọ̀, wọ́n á sì ní, “Murano nìyí,” ìyẹn erékùṣù kan ní Ítálì tó lókìkí fún gíláàsì. Àwọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe àwọ̀ tó tà, kì í pẹ́ tí àwọn yòókù fi máa ń ṣe irú rẹ̀. Ìdí ni oníṣẹ́ máa ń fi ipa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Íjíbítì ti ń fi gíláàsì yíyọ́ bo amọ̀ tí wọ́n mọ sórí ọ̀pá; bó bá tutù, wọ́n á ha amọ̀ inú rẹ̀ dànù. Orúkọ ọba lè wà lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ti oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rúndún kìíní ṣáájú Kristi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá oníhò fẹ́ gíláàsì ní etí Òkun Mẹditaréníà lápá ìlà-oòrùn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun oníhò tó ń fún gíláàsì ní ìrísí. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, oníṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ennion gbẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù rẹ̀ lédè Gíríìkì pé Ennion ló ṣe é. Gbogbo èyí tó bá ti inú mọ́ọ̀dù yẹn jáde ló ń gbé orúkọ náà jáde, láìsí iṣẹ́ àṣekún kankan.

Ẹni tó ń fẹ́ gíláàsì láìlo mọ́ọ̀dù kò ní irú àǹfààní yẹn. Ní 1291, ìjọba Venice kó àwọn iléru gíláàsì lọ sí erékùṣù Murano nítorí ẹ̀rù iná, wọ́n sì fòfin de àwọn oníṣẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé iṣẹ́ náà lọ sílẹ̀ òkèèrè. Àwọn oníṣẹ́ kan sá lọ náà ni. Wọ́n kọ́ ẹlòmíràn ní gbogbo àrà tí wọ́n mọ̀, èyí ló fà á tí àrà Murano nìkan kò fi lè júwe ẹnikẹ́ni. Ohun kan tí fífẹ́ sábà máa ń fi sílẹ̀ ni àpá ọ̀pá. Kí oníṣẹ́ tó lè tún ẹnu ìkòkò ṣe, ó sábà máa ń fi ọ̀pá irin mìíràn di ìdí rẹ̀ mú. Bó bá kán ọ̀pá náà kúrò, àpá á kù. Àwọn kan á fi í sílẹ̀ bó ṣe rí, gbágungbàgun. Àwọn kan á lọ̀ ọ́ títí yóò fi di kòtò róbótó tó ń dán. Ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní Bìrìtéènì, níbi tí Michael Harris ti dá ilé-iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní 1973 lẹ́yìn tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ gíláàsì Mdina ní Malta, nígbà kan rí wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ tó rí bí ahọ́n iná mọ́ àpá náà kó tó le. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní wá lẹ́tà kiri.

Láàárín 1820 sí 1830 ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ títẹ gíláàsì nínú mọ́ọ̀dù irin di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ọjà ṣe pọ̀ ni olè àwòrán náà pọ̀. Láti 1842, ẹni tó bá forúkọ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní Bìrìtéènì lè fi ààmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun sí ọjà rẹ̀. Láti 1884, nọ́ńbà tí “Rd” (ìyẹn “Registered”, a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀) ṣáájú ló rọ́pò rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ọjọ́ tí wọ́n forúkọ àwòrán sílẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìkòkò. Oníṣòwò lásán sì lè jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀.

Ní Nancy nílẹ̀ Faransé, oníṣẹ́ gíláàsì Émile Gallé ń fọwọ́ sí ìkòkò bí ayàwòrán ṣe ń fọwọ́ sí àwòrán. Nígbà tó kú ní 1904, wọ́n fi ìràwọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà fúngbà díẹ̀. Ti Lalique, ilé-iṣẹ́ gíláàsì mìíràn nílẹ̀ Faransé, “R. Lalique” ni kí René Lalique tó kú ní 1945, lẹ́yìn náà wọ́n yọ R kúrò. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa, wọ́n máa ń ha R kún un. Bí R bá jinlẹ̀ ju àwọn lẹ́tà yòókù lọ, tàbí tí kò bá wọn dọ́gba, má gbà á gbọ́.

Láti 1891, òfin Amẹ́ríkà ní kí ọjà òkèèrè gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Ilẹ̀ o, kì í ṣe oníṣẹ́. “Czechoslovakia” lára ìkòkò túmọ̀ sí pé kò ṣáájú 1918 tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni bébà alálẹ̀mọ́ gbòde, òun ló sì pa orúkọ jù, torí omi ọṣẹ àkọ́kọ́ ló ń ṣí i kúrò. Ilé-iṣẹ́ gíláàsì Whitefriars ti London, tó kógbá wọlé ní 1980, kì í sábà kọ nǹkan kan sára gíláàsì. Ara ìkòkò la fi ń mọ ìkòkò onígbágungbàgun tí Geoffrey Baxter, ayàwòrán ọjà wọn, gbé jáde ní 1967: èèpo igi gidi ló fi tẹ́ inú mọ́ọ̀dù èyí tó rí bí èèpo igi, ìlà èèpo náà ò sì parẹ́.

Mọ́ọ̀dù náà sì ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ gíláàsì Imperial ní Ohio, Amẹ́ríkà, kógbá wọlé ní 1984, wọ́n ta mọ́ọ̀dù rẹ̀ káàkiri. Bí àwòrán bá bá ti ìwé ọjà Imperial mu, mọ́ọ̀dù ni ìyẹn ń sọ, kò tíì sọ ẹni tó lò ó.

Fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, má fi omi gbígbóná, gíláàsì àtijọ́ lè sán. Bí bébà bá ṣì wà lára rẹ̀, má jẹ́ kí omi kàn án. Jẹ́ kó gbẹ, kí o wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, torí ààmì tí wọ́n fi ásíìdì tẹ̀ kì í hàn bí iná bá dojú kọ ọ́. Fi ẹfun díẹ̀ ra ìdí rẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n ha á hàn funfun. Wo ìlà tí mọ́ọ̀dù fi sára rẹ̀: tó bá gun orí ẹnu ìkòkò kọjá, kò sẹ́ni tó tún ẹnu náà ṣe. Yẹ ibi tó ń kan tábìlì wò: àpá híha ọdún púpọ̀ máa ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú kọ ibì kan, irin àfilọ̀ tàbí bébà àfilọ̀ ló ṣe é.

Tọ́ọ̀ṣì UV, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í hàn sójú, á mú kí yúréníọ̀mù, irin kan tí wọ́n ń pò mọ́ gíláàsì fún àwọ̀, tàn bí ewé tútù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iléru ló lo yúréníọ̀mù. Irú gíláàsì ló ń sọ, kò sọ ilé. Ẹ̀yìn èyí ni kí o tó wọn gíga, fífẹ̀ ẹnu àti fífẹ̀ ìdí ní mìlímítà, kí o fi wé ìwé ọjà ilé-iṣẹ́ tí o fura sí. Ìkòkò àfọwọ́ṣe lè fi mìlímítà mélòó kan yàtọ̀ sí ara wọn. Ti inú mọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ti lọ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ nítorí pé ó ti fọ́.