Òórùn ẹran akọ ẹlẹ́dẹ̀: ibi tó ti ń wá àti bí wọ́n ṣe ń lé e

Ẹran akọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá máa ń rùn nígbà mìíràn, ẹni tó rà á kò sì ní mọ̀ àfi tó bá gbé e ka iná. Ohun méjì ló ń fà á. Ọ̀kan ni androstenone, tí ẹpọ̀n ń ṣe nígbà tí ẹran náà bá ń bàlágà. Ó ń rùn bí ìtọ̀. Èkejì ni skatole, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń mú jáde. Ìgbẹ́ gan-an ló ń rùn. Abo náà ní i, àmọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń pa á run. Họ́mọ̀nù akọ kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ akọ ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rá ni méjèèjì ń sá pamọ́ sí, ooru ló sì ń tú wọn síta.

Imú ò dọ́gba. Àwọn kan ò gbóòórùn androstenone rárá, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Nídìí àwo kan náà, ọkọ lè máa jẹ ẹran lọ kí ìyàwó ti fọwọ́ dímú.

Torí òórùn yìí ni àgbẹ̀ ṣe ń tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá. Òfin àpapọ̀ Yúróòpù gbà kí wọ́n ṣe é láìlo oògùn apàrora tí ọmọ náà ò bá tíì ju ọjọ́ 7 lọ; wọn kàn ò gbọ́dọ̀ fa ẹran ara rẹ̀ já ni. (Bí ẹni pé abẹ kì í dunni!) Ọ̀pọ̀ olùrà ni ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí wọ́n fún un lóògùn kó tó kan abẹ. Jámánì sọ èyí di dandan ní January 2021.

Ní Bìrìtìkó, wọn kì í sábà tẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń tètè pa wọ́n kí wọ́n tó bàlágà tán. Ẹran irú wọn kì í lọ́ràá púpọ̀, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ sì kéré, ṣùgbọ́n ìjà wọn ò mọ níwọ̀n.

Abẹ́rẹ́ tún wà, tí Australia kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1998. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un. Ìkejì máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pa ẹran náà. Ara ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ á wá dènà iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ẹpọ̀n, ẹpọ̀n á súnkì. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe họ́mọ̀nù, síbẹ̀ ohun tí olùrà ń bẹ̀rù nìyẹn: pé nǹkan kan á ṣẹ́ kù sínú ẹran.

Níbi tí wọn ò bá ti tẹ ẹran, tí wọn ò sì gún un, ní àwọn ilé ìpẹran kan, òṣìṣẹ́ ló ń fi irin gbígbóná jó ọ̀rá ọrùn òkú ẹran kọ̀ọ̀kan, á sì fimú gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán imú òun náà wò.