Ojú Ọ̀run Òru Àná Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ létí òkun nígbà ìrúwé, nípa bínókúlà, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí léèrè. Èyí tí owó yín bá ká ti tó. Ohun tó jù ú lọ ni bí ojú ọjọ́ ṣe rí lóru tó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká mú Portland Bill ní Dorset, níhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ni. Láti Faransé débẹ̀, omi tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà ni. Láti Oṣù Kẹta wọ Oṣù Karùn-ún, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó sá fún òtútù lọ sí Áfíríkà máa ń padà bọ̀ wá yé ẹyin, òru sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń rìn. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, tí atẹ́gùn sì ń tì wọ́n lẹ́yìn, wọn kì í yà sétí òkun rárá, wọ́n á kọjá lọ ni. Àmọ́ bí ìkùukùu àti òjò wínníwínní bá ká wọn mọ́ ojú omi, ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń bà lé. Òwúrọ̀ irú òru bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Kẹ́ ẹ sì tètè dé o. Ní agbedeméjì Oṣù Kẹrin, oòrùn máa ń yọ níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ti débẹ̀ kó tó yọ, torí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, àwọn ẹyẹ náà á ti máa ti inú igbó kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á sì fi etíkun sílẹ̀.

Orí koríko kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, fún ẹyẹ kékeré tó ń jẹ́ wheatear. Akọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú, ìlà dúdú sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Á sáré díẹ̀, á dúró ṣánṣán, á mi ìrù. Bó bá fò, ẹ ó rí funfun báláú nídìí rẹ̀. Àríwá Nàìjíríà wà lára ibi tó ti ń sinmi nígbà òtútù.

Ẹyẹ willow warbler ní tirẹ̀, inú ewé ló ń wà, tí á máa ṣa kòkòrò jẹ kíákíá. Nǹkan bí 10 gíráàmù péré ni, ó sì ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ ọ́ wọ inú igbó, ẹ má sì fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti fi tàn án jáde. Inú mi kì í dùn sí i rárá: ẹyẹ tí ebi ń pa, tó yẹ kó máa jẹun, lẹ fẹ́ máa dà láàmú yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ògiri ti lè gba atẹ́gùn dúró fún yín, kí ẹ jókòó, kí ẹ kọjú sí òkun. Ẹ jẹ́ kí bínókúlà dúró lójú kan níbi tí omi ti pàdé ọ̀run. Àwọn ẹyẹ á gba ibẹ̀ kọjá fúnra wọn. Ẹ ó gbọ́ ẹyẹ òkun tó ń jẹ́ Sandwich tern kí ẹ tó rí i. Ẹyẹ etíkun tó ń jẹ́ whimbrel máa ń súfèé léraléra, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀méje. Àwọn méjèèjì ń lo ìgbà òtútù létíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ má bẹ̀rù pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti kọjá lọ: ọ̀sán lòun ń rìn, láti Gúúsù Áfíríkà wá, ó sì ń fò sún mọ́ omi.

Kí ẹ tó lọ, ẹ yà sí ibùdó àwọn olùṣọ́ ẹyẹ, tó wà láti 1961 nínú ilé iná àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń fi àwọ̀n mú ẹyẹ, wọ́n á fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó balẹ̀ láàárọ̀ náà.