Ìpilẹ̀ àwọn plánẹ́tì àti òṣùpá, àti èròjà tó wà nínú wọn

Plánẹ́tì ni ohun ńlá rìbìtì tó ń yí ìràwọ̀ kan po, tí òun fúnra rẹ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ bíi ti ìràwọ̀. Òṣùpá sì ni èyí tó ń yí plánẹ́tì po. Plánẹ́tì mẹ́jọ ló wà nínú ètò Oòrùn, àwọn òṣùpá wọn tí a ti mọ̀ sì lé ní 400. Inú àwo gáàsì àti eruku kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.57 sẹ́yìn, síbẹ̀ òkúta àti irin ni àwọn kan, gáàsì ni àwọn mìíràn, yìnyín sì ló kún inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dàgbà, àti bí ooru ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà náà, ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ yìí.

Láti inú ìkùukùu dé plánẹ́tì

Amòye Immanuel Kant ṣàlàyé ní ọdún 1755 pé ìkùukùu kan tó ń yí ló di Oòrùn àti àwọn plánẹ́tì, Pierre-Simon Laplace ará Faransé sì gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní 1796. Ohun tó mú wọn ronú bẹ́ẹ̀ kò fara sin: ìhà kan náà ni gbogbo plánẹ́tì ń yí Oòrùn po sí, ipa ọ̀nà wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìtẹ́jú kan ṣoṣo. Fún ohun tó lé ní igba ọdún, kò sẹ́ni tó rí irú àwo bẹ́ẹ̀ dáadáa, títí di ọdún 2014, nígbà tí awò ALMA tó wà ní aṣálẹ̀ orílẹ̀-èdè Chile ya àwòrán àwo tó yí ìràwọ̀ tuntun kan, HL Tauri, ká, tí àwọn òrùka dúdú sì hàn kedere lára rẹ̀. Ní 2018 àti 2019, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ rí plánẹ́tì méjì tó ṣì ń dàgbà nínú àwo tó yí ìràwọ̀ PDS 70 ká.

Háídrójìn àti hílíọ̀mù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìkùukùu tó bí ètò Oòrùn. Gbogbo èròjà yòókù, irin, ọ́ksíjìn, sílíkọ́nì, kábọ́nì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, inú àwọn ìràwọ̀ àtijọ́ tó ti kú ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ti wá. Nígbà tí òòfà ìkùukùu náà fúnra rẹ̀ (agbára tí ohun tó ní ìwúwo fi ń fa òmíràn mọ́ra) fà á jọ sínú, bí ó ṣe ń sún kì ni yíyí rẹ̀ ń yára sí i, tí ó sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó kó jọ sí àárín di Oòrùn, ó sì gba ohun tó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti inú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni gbogbo plánẹ́tì àti òṣùpá ti rí ara.

Eruku inú àwo náà kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń di ìṣù tó fúyẹ́ bí òwú, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́. Ibí yìí ni àlàyé ti le. Ohun tó bá tóbi tó bíi mítà kan nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni gáàsì máa ń dá dúró, tí yóò fi máa já bọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìràwọ̀ kí ó tó dàgbà, bí irú rẹ̀ méjì bá sì fara gbá, àfàìmọ̀ kí wọ́n má fọ́ dípò kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Àlàyé tó dà bí ẹni pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lónìí ni pé gáàsì náà fúnra rẹ̀ ló ń kó àwọn òkúta wẹ́wẹ́ jọ sójú kan, títí tí òòfà tiwọn yóò fi so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà di ohun tó fẹ̀ tó ọ̀pọ̀ kìlómítà, láìdúró ní ìwọ̀n mítà kan rárá. Láti ìgbà náà lọ, òòfà ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù, èyí tó bá sì tóbi jù ló ń yára dàgbà jù.

Nítòsí Oòrùn, irin àti èròjà òkúta nìkan ló lè dì, nítorí ooru ibẹ̀ kò jẹ́ kí omi, mẹ́tánì àti àmóníà di nǹkan mìíràn ju gáàsì lọ. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè tó wà láàárín Mársì àti Júpítérì òde òní ni ààlà yìnyín wà; ní ìkọjá rẹ̀, omi dì, ohun tí plánẹ́tì lè fi kọ́ ara sì di púpọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn kókó tó wúwo ju Ilẹ̀ Ayé lọ ní ìlọ́po púpọ̀ ti tètè jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì mọ́ra. Ó di dandan kí wọ́n yára, nítorí gáàsì inú àwo kì í pẹ́ ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ kó tó tán. Júpítérì rí tiẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wúwo tó Ilẹ̀ Ayé 318, Sátúrnù tó 95. Úránù àti Nẹ́ptúnù, tí wọn kò tètè dàgbà, kò kọjá 14.5 àti 17. Ní ti Mẹ́rkúríù, Àgùàlà, Ilẹ̀ Ayé àti Mársì, ìkọlù láàárín àwọn ohun tó tóbi tó òṣùpá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló parí kíkọ́ wọn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sì ni fún Ilẹ̀ Ayé.

Plánẹ́tì kì í sábà dúró síbi tó ti dàgbà. Nígbà tí Michel Mayor àti Didier Queloz rí 51 Pegasi b ní 1995, plánẹ́tì gáàsì ńlá tó ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po ní ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀, ó hàn pé irú rẹ̀ lè rìn láti ọ̀nà jíjìn wá sítòsí ìràwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ orí gbogbo èyí wá láti ara àwọn òkúta tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Clair Patterson lo òjé inú wọn ní 1956 láti fi hàn pé Ilẹ̀ Ayé ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.55, àwọn ègé funfun inú irú òkúta bíi Allende, tó já sí Mẹ́síkò ní 1969, sì ni ohun líle tó dàgbà jù lọ tí a tíì wọn ọjọ́ orí rẹ̀ nínú àwọn tó dì nínú ètò Oòrùn fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà nínú wọn

Ìkọlù àti ooru láti ara álúmínọ́ọ̀mù 26, tó ń jẹrà fúnra rẹ̀, yọ́ inú àwọn plánẹ́tì kékeré, irin wọlẹ̀ sí gbùngbùn, òkúta tó fúyẹ́ sì dúró sókè. Ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ ni Richard Oldham fi mọ̀ ní 1906 pé Ilẹ̀ Ayé ní kókó, Inge Lehmann ará Dẹ́nmáàkì sì fi hàn ní 1936 pé kókó kékeré mìíràn tún wà nínú èyí. Irin, ọ́ksíjìn, sílíkọ́nì àti magnẹ́síọ̀mù ló jẹ́ ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo Ilẹ̀ Ayé lọ. Kókó irin Mẹ́rkúríù tóbi lọ́nà àrà, ó gba nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún láti àárín rẹ̀ dé òkè.

Júpítérì kò ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè tẹ̀. Ìsàlẹ̀ gáàsì rẹ̀, háídrójìn ti fún pọ̀ débi tí ó ń ṣe bíi mẹ́tàlì, ìwọ̀n tí ọkọ̀ Juno ti ń wọ̀n láti 2016 sì fi hàn pé kókó rẹ̀ kò ní ààlà kan pàtó, ó ti pò mọ́ ohun tó yí i ká. Sátúrnù, tó jọ ọ́, kò kì tó omi.

Àwọn òṣùpá

Òṣùpá Ilẹ̀ Ayé ni a mọ̀ jù, nítorí àwọn tí ọkọ̀ Apollo gbé lọ láàárín 1969 sí 1972 kó òkúta tó tó kìlógíráàmù 382 bọ̀. Ọ́ksíjìn inú àwọn òkúta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti Ilẹ̀ Ayé, kókó irin òṣùpá kéré gan-an, àwọn èròjà tí ooru máa ń tètè lé lọ sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Àlàyé tí William Hartmann àti Donald Davis gbé jáde ní 1975 bá gbogbo èyí mu jù: ohun kan tó tó Mársì, tí a ń pè ní Theia, kọlu Ilẹ̀ Ayé, àfọ́kù òkúta tó fò sókè sì kó jọ di òṣùpá. Ojú rẹ̀ jẹ́ òkúta yíyọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òkúta tó fúyẹ́ ló léfòó tí wọ́n sì di apá rẹ̀ tó funfun. Òkúta yíyọ́ tó tú jáde lẹ́yìn náà ló di apá dúdú.

Òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítérì ní 1610 jáde láti inú àwo kékeré tó yí plánẹ́tì náà fúnra rẹ̀ ká. Ìlànà ààlà yìnyín tún hàn níbẹ̀: Io, tó sún mọ́ ọn jù, jẹ́ òkúta, Europa ní èèpo yìnyín lórí òkun, nígbà tí yìnyín tó nǹkan bí ìlàjì Ganymede àti Callisto. Òòfà Júpítérì tó ń fún Io mú ló fa àwọn òkè ayọnáyèéfín tí ọkọ̀ òfurufú Voyager 1 rí níbẹ̀ ní 1979.

Àwọn òṣùpá kan kò sì jáde lọ́dọ̀ plánẹ́tì tí wọ́n ń yí po rárá. Triton ń yí Nẹ́ptúnù po ní òdì sí bí Nẹ́ptúnù ṣe ń yí, àmì pé Nẹ́ptúnù ló fà á mú láti àgbègbè yìnyín tó wà ní ìkọjá rẹ̀. Ti Phobos àti Deimos, òṣùpá méjì Mársì, kò tíì yanjú: àwọn kan ní Mársì ló fà wọ́n mú, àwọn mìíràn ní àfọ́kù ìkọlù ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ òfurufú Jàpáánù ti ṣètò ọkọ̀ MMX láti lọ bu ilẹ̀ Phobos wá fún àyẹ̀wò.